Ẹni Tó Ń Bomi Rin Òkúta Sabina

Ilẹ̀ inú abọ́ náà tutù.

Abram Obies ti ìka bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó wò ó. Yanrìn lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ títí dé oríkèé. Ó gbé e sí imú. Òórùn amọ̀ ni, òórùn ibi tí oòrùn kì í dé. Ó gbójú sókè. Kò sí ìkuukùu kan lójú ọ̀run. Láti ìgbà tí òdòdó ti rọ tán lórí pápá ni òjò ti dá, ooru sì ti mú gbogbo òkè Kamiesberg débi pé abẹ́ àpáta ni àwọn ewúrẹ́ ń sá sí láàárọ̀.

Ó bọ́ sí ìdí abọ́ kejì. Ó tutù. Èyí tó tẹ̀ lé e náà tutù.

Orí ògiri kékeré tó wà níwájú ilé ni wọ́n tò sí, àwọn abọ́ tánganran àtijọ́ tí ìdí wọn ti lu, tí Sabina ìyàwó rẹ̀ ń gbin òkúta rẹ̀ sí. Òkúta ni gbogbo abúlé Bruinkloof ń pè wọ́n, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yóò tẹ̀ wọ́n kọjá lórí òkè ni. Ewéko ni wọ́n. Wọn ò ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ: ewé méjì tó ki, tó sanra, tó lẹ̀ pọ̀ bí ètè ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti òkúta wẹ́wẹ́ tó yí i ká. Nígbà òtútù tí òjò ń rọ̀ ni wọ́n ń mumi. Tí ẹ̀rùn bá dé, wọn a sùn. Awọ ara wọn a gbẹ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, àlejò a sì rò pé wọ́n ti kú. Wọn ò kú. Nínú awọ gbígbẹ yẹn ni ewé tuntun wà, tó ń fa omi ara ògbólógbòó mu díẹ̀díẹ̀ títí òjò yóò fi padà.

Ìtọ́jú wọn nígbà ẹ̀rùn kò le. Kí èèyàn ṣáà má ṣe nǹkan kan ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló ṣòro fún Abram nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Sabina níyàwó. Tó bá ti ibi ìwakùsà dé, tó rí wọn bí wọ́n ṣe hunjọ, àánú wọn a ṣe é, a sì lọ bu omi.

"Gbé ife yẹn sílẹ̀!" Sabina a ké láti inú ilé. "Ṣé wọ́n máa ń da omi sí ìwọ náà lẹ́nu tó o bá ń hanrun ni?"

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bomi rin òkúta nínú ilé yìí nígbà ẹ̀rùn.

Sabina kú lẹ́yìn Kérésìmesì. Nínú ẹbí rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń lọ a mú òkúta kan nínú èyí tó gbìn. Òkúta náà a wà nílé títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi jí i. Ọjọ́ tó bá ya awọ rẹ̀, tó yọ tútù, ni wọn a gbé e lọ gbìn síbi orí sàréè, ìgbà náà ni olóògbé tó wọlé sùn. Títí di ọjọ́ yẹn, wọn kì í ti apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ilé, èyí tó pín sí méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, ife olóògbé a sì wà lórí ìkọ́ rẹ̀. Bí òkúta náà bá kú kí òjò tó dé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí olóògbé yóò wọ̀ sí. Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí náà. Tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ wọn, wọn a kọ́kọ́ rẹ ohùn sílẹ̀.

Èyí tí Sabina mú ni Ìyá Àgbà. Orúkọ tó ń pè é nìyẹn, torí ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ló ti gbà á. Inú agolo jáàmù ló wà, ní ìpẹ̀kun ògiri náà.

"Má jẹ́ kí n máa rìn kiri, Abram," Sabina ti sọ lórí ibùsùn.

"O ò ní rìn kiri," ni Abram fi dá a lóhùn.

Ó rìn dé ìdí agolo náà báyìí, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ó gbẹ. Ṣùgbọ́n abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti tutù.

Drieka, ẹ̀gbọ́n Sabina, dé kí tíì tó hó. Ó fi aṣọ di búrẹ́dì tó yan lórí ẹyin iná, ó gbé e sórí ògiri, ó sì ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu òógùn.

"Sìsí Drieka," Abram ní, "ẹ má bomi rin àwọn òkúta yìí mọ́."

"Ta ló bomi rin kí ni?"

"Ilẹ̀ wọn tutù."

"Abram, abúlé yìí ni wọ́n bí mi sí o, wọn ò bí mi sí Cape Town. Èmi Drieka ni máa wá bomi rin òkúta nínú oṣù kìn-ín-ní? Ooru ti ń ṣe ẹ́ lórí. Fìlà ẹ dà?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ó mú òkúta kan nínú abọ́ náà, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Òkúta náà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí èso àjàrà tó ti pọ́n jù. Omi dà jáde nínú rẹ̀, omi tó mọ́ kedere, ó ń dà ṣáá, ó pọ̀ ju ohun tí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ lè gbà lọ. Drieka gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Omi wo lo bù wá, tá a fi wẹ àbúrò mi?"

"Ẹ̀rọ omi ò yọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ìsun ìsàlẹ̀ ni mo lọ."

"O ju òkúta wẹ́wẹ́ sí i kó o tó bu omi?"

"Mo jù ú. Mo kí i. Èmi náà kì í ṣe àlejò níbí."

"O dárúkọ ẹ̀ níbẹ̀?"

Abram ń rí ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ ní etí ìsun, tí báàkẹ́ẹ̀tì ti kún, tí kò sì lè gbé e. Ó ti pe Sabina níbẹ̀. Ó pè é, ó sì tún pè é. Ó rántí nísinsìnyí pé omi náà, tó máa ń hó kùṣùkùṣù láti ìsàlẹ̀, dákẹ́ nígbà tó ń pè é, bí ẹni tó pa èémí mọ́ra kó lè gbọ́ dáadáa.

"Abram."

"Mo pè é."

Drieka jókòó lórí ògiri. "Nígbà tá a wà lọ́mọdé, tí ìyá wa bá rán wa lọ sí ìsun, a kì í pe ara wa. A máa ń súfèé síra wa ni. Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ kò lórúkọ tiẹ̀. Tó bá gbọ́ orúkọ òkú, tí òkú náà ò tíì wọlé sùn, á gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù." Ó wo àwọn abọ́ náà. "Omi nìkan ló mọ̀. Omi ló máa ń fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn."

"Ṣé kí n máa ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ni?"

"Tó o bá tì í, Sabina ńkọ́?"

Drieka dìde, ó gbé agolo Ìyá Àgbà, ó fi lé Abram lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun fúnni.

"Gbé e wọlé. Tí èyí bá jẹrà, àbúrò mi ò níbi tí á sùn sí. Jẹ búrẹ́dì yẹn kó tó tutù. O ti rù, o dà bí ìgbálẹ̀."

Abram gbé agolo náà sórí pẹpẹ ilé ìdáná, níbi tí oòrùn ti ń kàn án láti ojú fèrèsé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ó jókòó nínú ilé, ó ń dúró kí ooru rọlẹ̀. Oòrùn ti pọ́n lórí àwọn àpáta òdìkejì. Apá òkè ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, apá ìsàlẹ̀ sì wà láìtì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó gbọ́ ìró tánganran tó kan tánganran, ó rọra dún. Ó mọ ìró náà. Ó wo orí ìkọ́. Ife Sabina kò sí níbẹ̀.

Ó gbójú wo ìta.

Sabina wà níbi ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ búlúù ló wé. Èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ bó ṣe máa ń rí. Ó ń ti abọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fi ife da omi, kò kánjú rárá. Ẹ̀rù kò ba Abram. Ayọ̀ ló dé sí i láyà, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè dìde.

Obìnrin náà yíjú padà. Ojú Sabina ni. Eyín tó ṣí lápá òsì nínú ẹ̀rín rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Abram," ó ní. Ohùn rẹ̀ ni, láìkù síbì kan. "Ooru yìí mà pọ̀ o. Báwo lo ṣe ń gbé inú ilé tó gbóná tó báyìí? Wá ká lọ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ tutù."

Abram dìde. Ó mú fìlà rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, kó tó rí i pé etí aṣọ Sabina ń kán tótó. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ sìmẹ́ńtì tutù, bẹ́ẹ̀ ni ooru ìrọ̀lẹ́ yẹn, tó lè gbẹ aṣọ lórí okùn kéèyàn tó sá ìkejì, kò gbẹ wọ́n.

Ó wo àwọn abọ́. Omi ti kún wọn dé etí. Àwọn òkúta Sabina léfòó lójú omi náà, wọ́n ti funfun, wọ́n ti bẹ́.

Abram dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀kùn.

"Sabina," ó ní, ó rọra sọ ọ́, bí ìgbà tí wọ́n jọ ń mu tíì. "Ìyá Àgbà wà lórí pẹpẹ nínú ilé. Ara ẹ̀ ti hunjọ. Ṣé kí n fún un lómi díẹ̀ ká tó lọ?"

"Fún un," ohùn náà dáhùn kíákíá. "Àánú ẹ̀ ṣe mí. Òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àní gbé e wá, kí n fún un fúnra mi."

Abram fa apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mọ́ra, ó fi irin dábùú rẹ̀.

"Ìyàwó mi ì bá ti já ife gbà lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ì bá sì ti sọ̀rọ̀ sí bàbá tó bí mi lé e."

Ohun tó wà níta kò bínú. Ó kàn ń wò ó, kò ṣẹ́jú, bí ẹni tí wọ́n sọ èdè tí kò gbọ́ sí. Lẹ́yìn náà ó na ife náà kọjá orí ilẹ̀kùn.

"Mu," ó ní. "Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

Òótọ́ ni. Ahọ́n Abram ti gbẹ bí awọ ewúrẹ́ tí wọ́n sá sórí àpáta. Omi inú ife náà tutù débi pé ìrì bo gbogbo ara rẹ̀, òórùn amọ̀ yẹn sì ń bọ̀ látinú rẹ̀.

"Kò sí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ níbí," Abram ní. "Padà sílé ẹ."

Ó gbé agolo Ìyá Àgbà sórí ẹsẹ̀, ó sì jókòó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Ohun náà kò tètè lọ. Ó fi ohùn Sabina pè é bí ìgbà tó wà ní ìyàwó tuntun. Ó fi ohùn Sabina rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn àìsàn rẹ̀ pè é, ohùn tó fi máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yí òun padà lórí ibùsùn. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dìde. Ó fi àtàǹpàkò pa awọ Ìyá Àgbà. Ó gbẹ. Ó ń dún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka rẹ̀, ó sì le ní inú. Ó ń fọwọ́ pa á títí oòrùn fi wọ̀.

Ife bọ́ lulẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìta dákẹ́.

Nígbà tó yọjú, ife náà wà nílẹ̀, amọ̀ díẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ojú omi kan gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó gba àárín àwọn àpáta sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsun. Kì í ṣe ipasẹ̀. Ó gbòòrò tó ẹ̀yìn màlúù, ó sì ń lọ́ bó ṣe ń lọ, bí ibi tí nǹkan tó wúwo ti wọ́ ara rẹ̀ kọjá.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Abram ti ń ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Drieka gbọ́, ó sì figbe ta.

"Sabina ńkọ́?"

"Sabina mọ ibi tí fèrèsé wà," Abram ní. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa kò ní bi mí bẹ́ẹ̀."

Drieka ronú sí i díẹ̀. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ojú fèrèsé ló máa ń gbà jáde tí bàbá wa bá ti ilé mọ́ ọn, nítorí tìẹ náà ni."

Òjò dé nínú oṣù karùn-ún, òjò wẹ́wẹ́ tó ń ti apá òkun bọ̀, ó sì ń rọ̀ láìdáwọ́dúró. Gbogbo ohun tó wà nínú àwọn abọ́ orí ògiri ti di ọ̀rá funfun. Kò sí ọ̀kan tó yè níbẹ̀. Abram gbé Ìyá Àgbà jáde sínú òjò náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí awọ gbígbẹ rẹ̀ ya láàárín, orí tuntun sì yọ jáde, ó tutù, ó ń dán, ó ní àwọ̀ ewé tó dà pọ̀ mọ́ eérú. Abram pe Drieka. Drieka wò ó pẹ́.

"Ìyá Àgbà," ó ní, "ẹ káàárọ̀. Ẹ sùn pẹ́ o."

Wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Abram fi ọbẹ la ilẹ̀ níbi orí sàréè, ó da yanrìn líle sí ìdí rẹ̀ kí omi má bàa dúró síbẹ̀, ó gbìn ín, ó sì fi òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká bí Sabina ṣe máa ń ṣe é. Drieka gbàdúrà, àdúrà náà kò gùn. Nígbà tí wọ́n délé, Abram gbé ife Sabina kúrò lórí ìkọ́ tó ti dá a padà sí, ó sì dojú rẹ̀ dé orí pẹpẹ.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n jọ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ọ̀nà náà gba òkè ìsun kọjá. Òjò ti dá, gbogbo pápá tutù, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí olùṣọ́-àgùntàn tó sùn lọ lórí àga nígbà tí wọ́n ń kọ orin.

"Sìsí Drieka!" ohùn kan pè láti ìsàlẹ̀. "Sìsí Drieka, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ife kan bọ̀!"

Ohùn Abram ni.

Abram dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wà ní pípadé. Drieka wo ẹnu náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó wo ìsàlẹ̀ níbi tí igbó kékeré wà. Abram rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ohun náà sọ lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn.

"Wọn ò tíì kọ́ ẹ délẹ̀," Drieka fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ sí ìsàlẹ̀. "Abram kì í bẹ èèyàn báyẹn."

Ohùn náà tún pè. Drieka bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, Abram súfèé dá a lóhùn, wọ́n sì ń súfèé síra wọn títí wọ́n fi dé ilé, bí àwọn ọmọdé tí ìyá wọn rán níṣẹ́.

Ní ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ààrá sán láàárín ooru, òjò ńlá dé láti apá aṣálẹ̀, ó rọ̀ bí ẹni ń da báàkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ewúrẹ́ ń ké. Odò gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ìyá Àgbà tún ti sùn, inú awọ rẹ̀ ló wà. Abram gbé páànù kan lérí, ó sáré gba ẹrẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú kó lè fi bò ó, bó tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti pẹ́ jù.

Gbogbo sàréè ibẹ̀ ni omi ti bò. Àgbàrá ń gba àárín wọn kọjá, àwọn àgbélébùú onígi ti dúdú fún omi. Ó dé ìdí ti Sabina, ó kúnlẹ̀, ó ti ìka bọ ilẹ̀ tó yí Ìyá Àgbà ká.

Ó gbẹ bí eérú. Ibi gbígbẹ náà fẹ̀ tó itan obìnrin tó jókòó. Òjò ń rọ̀ sí ọwọ́ Abram títí dé ọrùn ọwọ́. Kò rọ̀ sí ìka rẹ̀.

Abram gbé páànù náà sílẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òjò sì ń rọ̀ lé e lórí.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Mo ti gbé ife sílẹ̀."